Wọ́n gé ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú eré Oscar Wilde tí mo rà

Owó mi ni mo fi ra ohùn eré The Importance of Being Earnest tí mo ń gbọ́ lórí fóònù yìí, mo sì ti gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀mejì. London ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré apanilẹ́rìn-ín náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 1895. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ojú tí àwọn ọlọ́lá ìgbà Ọbabìnrin Victoria fi ń wo ìgbéyàwó, kó gbọ́ ọ.

Ibi tí Lady Bracknell ti ń wádìí Jack, tó fẹ́ fẹ́ Gwendolen ọmọ rẹ̀, ló wọ̀ mí lára jù. Òṣèré náà ò pariwo rárá. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń bi í: Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Ṣé o máa ń mu sìgá? Èló ló ń wọlé fún ọ lọ́dún? Bí Jack bá ti dáhùn, ẹ ó gbọ́ bí pẹ́ńsù ṣe ń họ bébà. Àfi bí ẹni ń ka ọjà! Àwa náà ń wádìí ìdílé ká tó fọmọ fọ́kọ, torí náà ìbéèrè kọ́ ni mò ń bá a jà lé lórí. Ohun tó dùn mí ni pé kò béèrè bóyá Jack fẹ́ràn ọmọ náà.

Lane, ìránṣẹ́ Algernon ọmọ arábìnrin Lady Bracknell, náà dáa. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun gbéyàwó rí, àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín òun àti ọmọbìnrin kan ló sì fà á. Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá.

Apá kẹta ló bí mi nínú. Wọ́n kọ “odindi eré” sára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gé e! Nínú ìwé, Algernon fẹ́ fẹ́ Cecily, ọmọbìnrin tí Jack ń ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, àmọ́ Lady Bracknell ti wo aago, ó ti fẹ́ máa lọ. Ó kàn ní kóun béèrè bóyá ọmọ náà lówó díẹ̀ lọ́wọ́. Jack ní ó tó £130,000. Lady Bracknell bá tún jókòó, ó ní Cecily mà fani mọ́ra o, nígbà tóun wá wò ó dáadáa. Òfin ọdún 1882 ti jẹ́ kí dúkìá obìnrin ilẹ̀ England máa jẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, síbẹ̀ owó yẹn ni Lady Bracknell rí kó tó rí ọmọ. Nínú ohùn tí mo rà, wọn ò dárúkọ owó kankan. Ẹni tí kò ka ìwé rí á rò pé ẹwà Cecily ló rọ Lady Bracknell lọ́kàn.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo ti kọ̀wé sáwọn tó tà á pé kí wọ́n yọ “odindi” kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ mú ìwé eré náà dání tẹ́ ẹ bá dé apá kẹta.