House M.D.: Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Àìsàn Tì, Ká Wo Ọ̀rẹ́ Méjì

Ẹni tó bá ra páálí àwo (DVD) eré tẹlifíṣàn House M.D. nítorí àìsàn àti abẹ́rẹ́ kò ṣìnà, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Apá (season) mẹ́jọ ni eré náà ní, ìpín (episode) 177 lápapọ̀, tí tẹlifíṣàn Fox ní Amẹ́ríkà gbé jáde láti oṣù kọkànlá ọdún 2004 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2012. Ìpín kọ̀ọ̀kan gbà tó ìṣẹ́jú 44, nǹkan bíi wákàtí 130 lápapọ̀. Àìsàn inú rẹ̀ á ti sú yín kí ẹ tó dé ìdajì. Gregory House àti James Wilson ni kò ní sú yín. Mo máa tú àṣírí ìparí rẹ̀ o, kí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ tètè yà kúrò níbí.

House ni àgbà dókítà tí wọ́n ń gbé àìsàn tó bá ta kókó wá bá, ní ilé ìwòsàn kan ní New Jersey. Ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan itan rẹ̀ ọ̀tún, ẹran ibẹ̀ sì kú. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé ẹsẹ̀ òun. Nígbà tí wọ́n fi oògùn gbé e sùn, Stacy tí wọ́n jọ ń gbé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ẹran tó kú náà kúrò. House yè, ìrora dúró, Stacy lọ. Láti ìgbà náà ló ti di ọ̀pá lọ́wọ́, oògùn ìrora Vicodin lápò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń ṣàlàyé ìwà rẹ̀: pé ẹsẹ̀ ló bà á jẹ́. Mi ò gbà. Eré náà fúnra rẹ̀ ò gbà. Ní apá 3, House jẹ́wọ́ fún aláìsàn kan pé bàbá òun a máa lé òun síta lálẹ́ kí òun sùn nínú àgbàlá, a sì máa ti òun sínú omi yìnyín. Ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ti tì tipẹ́ kí ẹsẹ̀ tó ṣe é.

Ẹ wo bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn náà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ sún mọ́ ọn, House á wo bàtà onítọ̀hún, á wo ìka tí òrùka ti kúrò, á wá sọ àṣírí rẹ̀ fún un lójú gbogbo ayé. Ẹni tí wọ́n tú láṣọ láàárín ọjà, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè béèrè pé, “Ìwọ ńkọ́, kí ló ń ṣe ọ́?” Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ó kan ẹ̀fẹ̀. Tí ẹ̀fẹ̀ náà ò bá ràn án, ó kan hóró oògùn. Hugh Laurie tó ṣe House mọ iṣẹ́ rẹ̀ níbí yìí: ẹ máa ṣọ́ ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó bú bá ti jáde, kì í ṣe ìgbà tó ń bú u. Ẹ sì ṣọ́ ọ tó bá jókòó sídìí dùùrù nílé. Laurie fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́.

Wilson wá ńkọ́? Dókítà jẹjẹrẹ ni, ìgbéyàwó mẹ́ta ló ti tú mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo èèyàn ló sì ń pè é ní onínúure. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nìyí: inúure yẹn náà, ilẹ̀kùn ni. House ń fi ẹnu burúkú lé èèyàn sẹ́yìn. Wilson ń fi ìtọ́jú èèyàn sá kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ní apá 6, wọ́n ní kó ra ohun èlò kan ṣoṣo sínú ilé tuntun rẹ̀, ohun tó máa fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Ó ronú títí, dùùrù ńlá bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ló rà, kí House lè máa tẹ̀ ẹ́. Èmi ò rí ìpín tó ṣàlàyé Wilson tó ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ kí ọ̀kan sọ fún èkejì pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ìwà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ìwà burúkú sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní apá 2 (ìpín 14 dé 16), ìyàwó kẹta já Wilson sílẹ̀, ló bá lọ ń sùn lórí àga gígùn nílé House. House ń jí oúnjẹ rẹ̀ jẹ, ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, Wilson náà rẹ́ ọ̀pá rẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀, kó lè kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Láàárín gbogbo yẹ̀yẹ́ yìí, ẹnìkan fi ohùn sílẹ̀ sórí tẹlifóònù House pé àwọn ti rí ilé tí Wilson máa gbà. House gbọ́ ọ tán, ó tẹ bọ́tìnì, ó pa ohùn náà rẹ́. Ó tán. Ẹni tí kò lè sọ pé “má lọ” ti sọ ọ́.

Àwọn tó kọ eré náà kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní apá 3 (ìpín 5 dé 11), House ti jí ìwé tí Wilson fi ń kọ oògùn, ó fọwọ́ sí i bí ẹni pé Wilson ni, kó lè rí Vicodin gbà. Wilson parọ́ fún ọlọ́pàá pé òun lòun fọwọ́ sí i. Wọ́n ti owó rẹ̀ pa ní báńkì, wọ́n gba ọkọ̀ rẹ̀, kò lè kọ oògùn fáwọn aláìsàn rẹ̀ mọ́. House ò tilẹ̀ dúpẹ́.

Ìpín 15 àti 16 ní apá 4 ni mo fi ṣe góńgó gbogbo rẹ̀. House mutí yó, ó pe Wilson kó wá gbé òun. Wilson ò sí níbẹ̀, Amber olólùfẹ́ rẹ̀ ló lọ. Ọkọ̀ akólẹ̀ kọlu bọ́ọ̀sì tí wọ́n wà nínú rẹ̀, kíndìnrín Amber bàjẹ́, oògùn amantadine tó ti lò nítorí ọ̀fìnkìn líle ò wá rí ọ̀nà jáde nínú ara rẹ̀ mọ́. Agbárí House ti sán, síbẹ̀ Wilson bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n fi iná mànàmáná gún ọpọlọ rẹ̀, bóyá ó máa rántí ohun tó rí nínú bọ́ọ̀sì náà tó ti gbàgbé, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń pa Amber. House gbà. Amber kú náà ni. Nígbà tí House la ojú, Wilson dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó yí padà, ó lọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìpín 1 àti 4 ní apá 5. Ìpín kẹrin yẹn ló sọ bí wọ́n ṣe pàdé ní New Orleans, nígbà tí Wilson gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ káàkiri láìtú u, tó ju ìgò fọ́ dígí ní ilé ọtí, tí House tí kò mọ̀ ọ́n rí sì lọ gba béèlì rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ pọ̀. Aláìsàn á ṣubú kí orin ìbẹ̀rẹ̀ tó dún, wọ́n á ṣi àìsàn náà mú lẹ́ẹ̀mẹta, tó bá wá ku díẹ̀ kó parí, Wilson á sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kan ọ̀ràn náà rárá, ojú House á dá gún régé, ó ti mọ̀ ọ́n. Dókítà gidi ò sì ní máa já wọ ilé aláìsàn. Apá 7 ló mú mi bínú jù: House àti Cuddy, ọ̀gá rẹ̀ lóbìnrin, di olólùfẹ́, Wilson wá di ẹni tó kàn ń gbani nímọ̀ràn lẹ́nu ọ̀nà.

Ìpín 18 dé 22 ní apá 8 gba èyí tó bàjẹ́ náà padà. Jẹjẹrẹ mú Wilson tó jẹ́ dókítà jẹjẹrẹ. Ó ku oṣù márùn-ún, wọ́n sì fẹ́ dá House padà sẹ́wọ̀n fún oṣù mẹ́fà. House ṣe bí ẹni tó jóná kú, ó sọ iṣẹ́ àti orúkọ rẹ̀ nù, kí àwọn méjèèjì lè gun alùpùpù lọ.

Tí ẹ bá ń wò ó, ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, nítorí House máa ń sáré sọ̀rọ̀, orúkọ oògùn sì pọ̀. Nọ́ńbà ìpín inú apá 6 lè fi ẹyọ kan yàtọ̀, torí àwọn kan ka ìpín ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí méjì. Orúkọ ni kí ẹ fi wá èyí tí wọ́n pè ní “Wilson,” níbi tó ti fẹ́ fún aláìsàn kan ní díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá ká gbogbo rẹ̀, kó kọ́kọ́ ra apá 2, 3 àti 4. Apá 7, kó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíì.