Laser diode kékeré: èwo ni kí ẹ rà kí ooru má baà bà á jẹ́?

Bí ẹ bá ń wá laser pupa 5 mW (agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nìyẹn) fún iṣẹ́ ọwọ́, àwọn ọlọ́jà á fi fáànù, Peltier (àwo tí iná ń mú kí ojú kan rẹ̀ tutù, kí ìkejì gbóná) àti heat sink (irin tó ń fa ooru kúrò) lọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. KY-008, laser pupa kékeré tí àwọn tó ń lo Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré fún iṣẹ́ ọwọ́) mọ̀ dáadáa, ń fa nǹkan bí 30 mA lórí 5 V, ìyẹn 150 mW. Resistor ara rẹ̀, tó ń dín iná kù, ló ń jẹ ju ìdajì lọ. Èyí tó kan diode gan-an, ẹ̀yà tó ń tan ìmọ́lẹ̀, kò tó 100 mW; ooru kékeré nìyẹn.

Ilé ike àbí ilé idẹ? Idẹ ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí ooru yẹn ṣe kéré tó, ó gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde, ike kì í sì í jẹ́ kó jáde. Fún 5 mW, ilé idẹ 6 mm ti tó.

Àlùmíníọ́mù àbí bàbà? Ẹni tó ń lo laser tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 mW sókè nìyí kàn. Lóòótọ́ bàbà ń gbé ooru lọ tó ìlọ́po méjì àlùmíníọ́mù, àmọ́ ó wọ́n, ó sì wúwo. Àlùmíníọ́mù 12 mm tó wọnú heat sink pinpin sàn ju bàbà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ jù lọ, torí afẹ́fẹ́ tó bá há sáàárín irin méjì ló ń dènà ooru. Ẹ mú paste tí wọ́n ń fi sábẹ́ processor kọ̀ǹpútà, ẹ fi pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má dé ojú lẹ́ǹsì, kí ẹ wá de skúrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ìka ò fi ní lè yí i mọ́.

Driver (ẹ̀rọ tó ń fún diode ní iná) wo? Ibí ni kí ẹ náwó sí. Bí diode bá ṣe ń gbóná ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dínkù. Driver tó ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ á fi iná kún un kí ìmọ́lẹ̀ má baà lọ sílẹ̀. Iná yẹn á tún mú un gbóná sí i, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí diode á fi kú, àfi bí wọ́n bá ti fi òpin sí iná rẹ̀. Èyí tó ń mú iná dúró lójú kan á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pa á. Òun ni mo fara mọ́, pàápàá fún laser pupa, tí ooru tètè ń mú ju búlúù lọ.

Peltier ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Iná tó ń jẹ ju ti laser lọ fíìfíì, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gbóná tún nílò heat sink tirẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì lọ́rinrin, ìrì á sẹ̀ sára lẹ́ǹsì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tàn án sára ògiri fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ẹ má wojú rẹ̀ o. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ tí ara ilé rẹ̀ sì tutù, ooru ti há sínú nìyẹn, ẹ dá a padà. Bí ara ilé rẹ̀ bá gbóná, ooru ń jáde. Irin tó tóbi sí i ló kù kí ẹ wá fún un.