Wọ́n Tan Iná sí Wa Lójú Kí Sinners Tó Parí

Ẹ̀gbọ́n mi tó ti wo fíìmù Sinners ní London ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù: "Tí orúkọ àwọn òṣèré bá ti ń gòkè, má dìde o. Kò tíì tán." Èmi àti Màmá wá jókòó pa. Àfi fìrì tí iná tàn. Ọmọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ti parí. A fẹ́ gbálẹ̀."

"Ó ku ìran kan."

"Ó ti parí, mà."

Bá a ṣe ń fà á lọ́wọ́ ni wọ́n pa fíìmù náà. Mo san ₦5,000 fún ara mi, mo san ₦5,000 fún Màmá! Mo lọ bá ọ̀gá wọn. Kò gbójú kúrò lára fóònù tó ń tẹ̀. "Mà, gbogbo èèyàn ló ti lọ." Mo ní kí ló kàn mí nínú ẹni tó ti lọ? Ó ní kí n lọ wo èyí tó kù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ara mi ń gbọ̀n.

Ká ní fíìmù burúkú ni, mi ò bá má sọ̀rọ̀. Clarksdale ní Mississippi ni, ọdún 1932. Ìbejì kan, Smoke àti Stack, darí wálé láti Chicago láti dá ilé ijó sílẹ̀. Michael B. Jordan ló ṣe àwọn méjèèjì, kò sì pẹ́ tí mo fi gbàgbé pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Màmá ò tiẹ̀ wo ti fìlà pupa àti fìlà búlúù tí wọ́n fi dá wọn mọ̀. Ó kàn nawọ́ sí Smoke: "Kẹ́hìndé nìyí. Wo bó ṣe ń ṣe bí àgbà."

Fíìmù òkú amùjẹ̀ ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dé, kí n má parọ́. Gúgúrú mi ti tán kí eyín kankan tó wọ ọrùn. Ṣùgbọ́n nínú ìdúró yẹn náà ni Delroy Lindo, tó ṣe àgbà olórin kan, ti sọ bí wọ́n ṣe pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ìkérora rẹ̀ di orin lójú wa. Ibẹ̀ náà ni Miles Caton, tí kò ṣe fíìmù rí, tó ṣe Sammie, ti ta gìtá, tí àwọn tó ti kú àtàwọn tí a ò tíì bí wá bá a jó: onílù ilẹ̀ Áfíríkà, oníjó ilẹ̀ Ṣáínà, díjéè. Mo sunkún.

Wunmi Mosaku wá ńkọ́? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Zaria, tó dàgbà ní Manchester. Òun ni Annie, oníṣègùn. Nígbà tí Màmá rí àpò kékeré tó wà lọ́rùn Smoke, ó di ọwọ́ mi mú: "Ońdè nìyẹn!" Òkú amùjẹ̀ ò lè wọlé àfi tí onílé bá ní kó wọlé. Bí Cornbread, aṣọ́nà ilé ijó tí wọ́n ti sọ di òkú amùjẹ̀, ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń tọrọ àyè, Màmá ti ń sọ lábẹ́ ohùn pé, "Ẹ má dá a lóhùn o." Nílé wa, a kì í jẹ́ ìpè òru. Jack O'Connell ni olórí àwọn òkú amùjẹ̀ náà, ohùn rẹ̀ dùn, ẹ̀jẹ̀ sì kún ẹnu rẹ̀. Grace, obìnrin kan tó wà nínú ilé ijó náà, ló padà ní kí wọ́n wọlé. Mi ò tíì dárí jì í. Wọ́n sì jẹ́ kí Annie kú.

A ti dé ibi ọkọ̀ nígbà tí ọmọ onígbàálẹ̀ yẹn sáré tẹ̀ lé wa. "Mà, ẹ má bínú. Gbọ̀ngàn kejì ṣì ń fi í hàn lọ́wọ́, kò ní pẹ́ parí. Èmi ni màá dúró ti iná." Ó sì dúró tì í lóòótọ́. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, àwọn èèyàn ń jáde, iná ò tàn. Ọdún 1992 dé, Buddy Guy, gbajúmọ̀ olórin blues, fúnra rẹ̀ jókòó bí Sammie tó ti darúgbó, àwọn méjì kan tí ọjọ́ orí ò kàn wọlé wá bá a. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà dúró gbagidi, ó di ìgbálẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ là. Òun náà ò rí i rí, òun tó ń tan iná lé e lórí lójoojúmọ́.

Màmá ní, "Jókòó, ọmọ mi." Ó jókòó.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5, nítorí ikú Annie. Sátidé tó ń bọ̀, màá tún lọ wò ó.