Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Fíìmù abanilẹ́rù márùn-ún tí a wò nílé wa ní Kétu

Láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, fíìmù abanilẹ́rù márùn-ún ni mo wò tán ní yàrá ìyá àgbà mi níbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Kútọnu ló ń kó wọn bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá parí. A ó ti jẹun alẹ́ tán, a ó pa iná yàrá, ìyá àgbà á jókòó sórí ẹní, á fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n ti fi Faransé sọ lé púpọ̀ nínú àwọn fíìmù náà lórí, ìyá àgbà kò sì gbọ́ Faransé ju ti ọjà lọ, èmi ni mo ń túmọ̀. Ẹni tó bá ti túmọ̀ fíìmù fún àgbàlagbà rí á mọ̀ pé kò sí ohun tí èèyàn lè fojú fò. Ta nìyẹn? Ọmọ ta ni? Kí ló wá ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè tó ń pa dà wá jù lọ ni èyí tí mo fi ṣe àkọlé: ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?

Ìbéèrè náà kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí odi Kétu ṣì dúró, tí yàrà yí i ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìlú ní, Àkàbà Ìdènà. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, àwọn àlejò ń wá yà á ní fọ́tò. Síbẹ̀, lọ́dún 1886, ogun Dàhòmì wọlé, ìlú tú. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yẹn nílé wa, wọn kì í sọ ti gíga odi. Ebi tó mú àwọn tó wà nínú odi ni wọ́n máa ń sọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani: mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré débi pé òun gan-an ni mo fi ń wọn fíìmù wò báyìí. Èyí tí wọ́n kàn ń dún gbàgà létí ẹni, tí ológbò ń fò jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èyí tí ara ilé bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ibi ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Ẹ jọ̀wọ́, màá tú àṣírí ìtàn. Ẹni tí kò bá tíì wò wọ́n, tí kò sì fẹ́ mọ ìparí, kó kọ́kọ́ lọ wò wọ́n ná.

Sinners ló wù mí jù. Ryan Coogler ló darí rẹ̀, ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní Clarksdale, ní Mississippi, ni ìtàn náà ti wáyé, lọ́dún 1932. Ìbejì kan, Smoke àti Stack, ti ja ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n ti bá àwọn ọ̀daràn ṣiṣẹ́ ní Chicago, wọ́n wá kó owó bọ̀ wálé láti ra ilé ìlagi àtijọ́ kan kí wọ́n lè sọ ọ́ di ilé ijó fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Michael B. Jordan nìkan ló ṣe àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá àgbà, kò gbà. Ó ní ìbejì ni wọ́n, pé kí n wo bí ẹni tó wọ búlúù ṣe ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù, tí ẹni tó dé fìlà pupa ń rìn bí ẹni tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lápò. Mi ò mọ ìyìn tó ju ìyẹn lọ fún òṣèré. Ní ilẹ̀ tí a ti ń gbẹ́ ère ìbejì, tí bí ọ̀kan bá lọ, a ó máa tọ́jú ère rẹ̀ kí èyí tó kù má bàa tẹ̀ lé e, ìyapa àwọn méjèèjì wọ̀ wá lára ju bí ó ṣe lè wọ àwọn mìíràn lọ.

Òkú amùjẹ̀ ni ibi tó ń bọ̀ níbẹ̀. Àwọn amùjẹ̀ yìí ní òfin kan: wọn kò lè wọlé àyàfi bí ẹni tó wà nínú ilé bá ní kí wọ́n wọlé. Remmick, olórí wọn, ará Ireland, dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín àti ohun èlò orin, ó bẹ̀ wọ́n, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀rù kò tíì bà mí níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn tó wà nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra wọn ni àyà mi já. Mary, ọ̀rẹ́bìnrin Stack àtijọ́, jáde lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Cornbread, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, jáde lọ tọ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tó pa dà, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn tó ti ń ṣọ́ láti ìrọ̀lẹ́, ó ń bẹ̀ kí wọ́n ní kí òun wọlé. Tiwọn ni, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n fẹ́ gbà fún un. Annie, ìyàwó Smoke, nìkan ló bi í pé kí ló dé tí ọkùnrin tó tóbi tó báyìí fi ń dúró de àṣẹ. Yàrá wa pa rọ́rọ́. Nígbẹ̀yìn, Grace, tí àwọn amùjẹ̀ ń fi ọmọbìnrin rẹ̀ halẹ̀ mọ́, ló fi ìbínú kígbe pé kí wọ́n wọlé. Ìyá ni. Mi ò lè dá a lẹ́bi, síbẹ̀ òun ló pa gbogbo wọn.

Wunmi Mosaku ló ṣe Annie, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Zaria tó sì dàgbà ní Manchester. Oníṣègùn ni Annie, ewé àti egbò ló fi ń ṣiṣẹ́, òun ló ṣe àpò oògùn kékeré tí Smoke ń gbé mọ́ra. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí fíìmù Amẹ́ríkà tí onímọ̀ ewé kò ní jẹ́ ẹni yẹ̀yẹ́ tàbí ẹni ibi. Nínú èyí, òun ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òun ló sì ń sọ fún àwọn yòókù ohun tí wọ́n á ṣe. Òun àti Smoke ti sin ọmọ ìkókó kan. Nígbà tí wọ́n bù ú jẹ, ó ní kí Smoke pa òun kí òun tó yí pa dà, torí amùjẹ̀ kò lè lọ bá ọmọ rẹ̀ lọ́run. Ẹnu mi kò gbà á láti túmọ̀ ibẹ̀. Ìyá àgbà ní kí n fi í sílẹ̀, pé òun ti gbọ́.

Ibì kan tún wà tí mi ò ní gbàgbé. Sammie, ọmọ pásítọ̀, ń ta gìtá, orin rẹ̀ wọlé débi pé àwọn baba ńlá pẹ̀lú ìlù àti ijó Áfíríkà, àti àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà, gbogbo wọn dé sínú ilé ìlagi yẹn tí wọ́n ń jó pọ̀. Ẹni tó bá ti dúró ní òru Ẹ̀fẹ̀ níbí, òru orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó ti gbọ́ bí ohùn Ẹ̀fẹ̀ ṣe ń pe àwọn tó ti lọ, á mọ̀ pé Coogler kò purọ́. Omi bọ́ lójú mi.

Àléébù rẹ̀: ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ilẹ̀ mọ́, àwọn amùjẹ̀ jóná, ó yẹ kí a máa ronú, ìbọn tún bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn aláwọ̀ funfun tó wá pa wọ́n lówùúrọ̀ jẹ́ ara ìtàn, pé ibi kì í ṣe ti òru nìkan, ṣùgbọ́n wọ́n fà á. Ẹ má sì wo èyí tí wọ́n fi Faransé sọ lé lórí. Ohùn àwọn ará Mississippi àti ti ọkùnrin Ireland yẹn ṣòfò pátápátá nínú rẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀, ó wá dà bíi fíìmù mìíràn.

Weapons, ti Zach Cregger, ọdún 2025 náà, ni mo fẹ́ bá jà díẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le: ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 17 lóru, ọmọ 17 láti kíláàsì kan náà dìde lórí ibùsùn, wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé bàbá wọn fúnra wọn, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì bí ìyẹ́, wọ́n sá wọ inú òkùnkùn. Alex nìkan ló kù ní kíláàsì. Àwọn òbí kọjú sí tíṣà wọn, Justine, bí ẹni pé òun ló kó wọn jẹ. Cregger ń gba ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn náà, á dé ibì kan, á dá a dúró, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ó dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó nira fún ẹni tó ń túmọ̀.

Gladys ni ìdí ọ̀rọ̀. Ìbátan ìyá Alex ni, ó dàgbà, ara rẹ̀ kò yá, wọ́n gbà á sílé. Ta ni kò ní gbà á? Ní Kétu, ta ló máa ní kí ẹ̀gbọ́n ìyá òun tó ń ṣàìsàn lọ sùn síta? Àyà mi já níbẹ̀ gidigidi, torí pé inú rere ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Ó ń we irun èèyàn mọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, ó ń ṣẹ́ ẹ, ẹni náà á sì di ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Amy Madigan ṣe é débi pé mo ń wo ẹ̀yìn mi.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́. A kì í sẹ́ ní Kétu pé agbára wà lọ́wọ́ àwọn àgbà obìnrin. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde lọ́dún 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, nítorí wọn la ṣe ń jó o. A ń gbẹ́ ère fún wọn, ọkùnrin ń wọ aṣọ obìnrin, ń jó, a ń pè wọ́n ní ìyá wa, a ń bẹ̀ wọ́n kí agbára náà lè gbè ìlú. Weapons kò mọ ọ̀nà mìíràn ju kí àwọn ọmọ lé Gladys láti ilé dé ilé kí wọ́n fà á ya. Àbúrò mi ní àwọn ọ̀rẹ́ òun rẹ́rìn-ín níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wò ó. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé àìsàn wo ló ń ṣe obìnrin náà. Mo wá ìdáhùn nínú fíìmù náà, kò sí níbẹ̀. Mo sọ èyí torí pé àwọn fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń kó kọjá láti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà wá bá wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìyá arúgbó kan, aṣọ funfun, òru, ó tán. Àwọn ọmọdé àdúgbò ń wò ó, bí wọ́n bá sì rí opó tó ń dá gbé lọ́la, wọ́n á máa sá fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

His House pẹ́ díẹ̀, ọdún 2020 ni, Remi Weekes ló darí rẹ̀, ó wà lórí Netflix. Wunmi Mosaku náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú Sope Dirisu. Tọkọtaya ni wọ́n, Rial àti Bol, wọ́n sá fún ogun ní Gúúsù Sudan, ọmọbìnrin tí wọ́n mú dání, Nyagak, kú sínú òkun lọ́nà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ilé tó ti bàjẹ́, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tó wà nínú ògiri kò bá ilé náà wá, àwọn ni wọ́n gbé e wọ̀ ọ́. Ní ìdajì ìkẹyìn ni a tó mọ̀ pé Nyagak kì í ṣe ọmọ wọn: Bol jí i gbé torí pé àwọn tó ní ọmọ ni wọ́n ń gbà sínú ọkọ̀. Gbèsè ni òkú náà wá gbà. Kò gùn, kò fi nǹkan kan ṣòfò, mi ò sì rí àléébù kan tí mo lè sọ. Bí ẹ bá ní ará ilé tó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ẹ má dá wò ó.

Saloum, ti Jean Luc Herbulot, 2021, ti Senegal ni. Àwọn jàgùnjàgùn mẹ́ta kó oníṣòwò oògùn olóró kan jáde ní Bissau lásìkò ìfipágbàjọba 2003, ọkọ̀ òfuurufú wọn balẹ̀ sí Sine-Saloum ní Senegal. Obìnrin kan, Awa, tí kò gbọ́ràn, jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ, ó ń fi ọwọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ pé òun mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ibẹ̀ ló dáa jù nínú gbogbo fíìmù náà. Nígbà tí àwọn ẹ̀mí dé, tí etí ni wọ́n ń gbà pani, fíìmù náà sáré jù. Ó yẹ kí wọ́n fún wa ní ìṣẹ́jú ogún sí i.

Mami Wata, ti C.J. Obasi, la fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ níbí ni wọ́n ti yà á, dúdú àti funfun nìkan ni àwọ̀ rẹ̀, Lílis Soares gba ẹ̀bùn àwòrán yíyà ní Sundance lọ́dún 2023 fún un. Ó tọ́ sí i: ara àwọn òṣèré ń dán nínú òru bí omi òkun. Ìtàn náà ń rọra lọ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí omi gbé wá sí etíkun, tí wọ́n fún ní oúnjẹ, tó sì gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́, ìyá àgbà ti mọ̀ ọ́n kí n tó túmọ̀ gbólóhùn kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi ń múra láti pa dà sí Kútọnu, ìyá àgbà ní kó má tíì pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní kí a gbé ibi tí ọkùnrin ńlá yẹn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pa dà. A gbé e. Nígbà tí Annie bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè, ìyá àgbà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ń sọ ọ́ lé e lẹ́nu ní Kétu pé, "Bi í dáadáa, ọmọ mi. Bi í dáadáa."