Native Guard, Ìwé Ewì Natasha Trethewey: Ìwé tí Ó Yẹ kí Àwa Okun Kà

Native Guard, ìwé ewì tí Natasha Trethewey tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, kò nípọn rárá, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bèèrè wúwo: àwọn wo ni a ń rántí, àwọn wo ni wọ́n sì sin láìsí àmì kankan lórí sàréè wọn? Èyí kò ṣàjèjì sí àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ní Kàbà, ní Ìyàgbà, ní Ìjùmú àti ní Bùnú, níbi tí ogun Tápà láti Bídà ti kó àìmọye ènìyàn lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó jẹ́ pé ẹnu àwọn àgbà nìkan ni ìtàn ọ̀pọ̀ nínú wọn wà.

Ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí akéwì náà ní ọdún 1966. Aláwọ̀ dúdú ni ìyá rẹ̀, òyìnbó ará Kánádà sì ni bàbá rẹ̀. Nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ náà kò fàyè gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti lọ ṣe é. Ní ọdún 1985, nígbà tí akéwì náà jẹ́ ọmọ ọdún 19, ọkọ kejì tí ìyá rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ yìnbọn pa ìyá náà. Ikú yìí ni apá kìn-ín-ní ìwé náà ń ṣọ̀fọ̀, láìpariwo, láìsì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Apá kejì ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun dúdú tí wọ́n ń pè ní Native Guard ń ṣọ́ àwọn òyìnbó ará Gúúsù tí wọ́n kó lóǹdè sí erékùṣù Ship Island ní etíkun Mississippi. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé náà. Ó mọ̀wé, òun ni ó sì ń bá àwọn òǹdè tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà sílé. Inú ìwé tí wọ́n mú láti ilé kan tí àwọn ọ̀tá sá fi sílẹ̀ ni ó ń kọ ìtàn tirẹ̀ sí, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti kọ síbẹ̀. Ewì kéékèèké 10 ni ó para pọ̀ di ewì yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà 14. Ìlà tí ó parí ọ̀kan ni èkejì fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyípadà díẹ̀, bí elégbè ṣe ń gba orin lẹ́nu lílé.

Apá kẹta kò dè mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ ìtàn Mississippi yóò sì ní láti wádìí. Síbẹ̀, Pulitzer, ẹ̀bùn ìwé tí ó lókìkí ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fún ìwé náà ní ọdún 2007 tọ́ sí i, kò sì yà mí lẹ́nu pé wọ́n fi akéwì náà ṣe akéwì orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láti ọdún 2012 sí 2014.

Ẹ̀dà orí ìwé ni kí ẹ rà bí ẹ bá lè rí i, nítorí pé fóònù kékeré máa ń gé ìlà gígùn sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ewì kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ìlà rẹ̀ dé àárín tán, tí wọ́n tún ń padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ìlà àkọ́kọ́. Bí ìlà bá ti gé, ojú kò ní rí iṣẹ́ ọnà náà mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa, apá kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà fún àwọn ọmọ, nítorí ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn ogun Tápà lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà kò ní nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó mọ ohun tí ọmọ ogun yẹn ń sọ.