Kúùbù RS3M 2020: kó tó máa yí dáadáa lọ́wọ́ yín

Ẹni tó bá ń wá kúùbù (Rubik's cube, ike aláwọ̀ mẹ́fà tí à ń yí títí ojú kọ̀ọ̀kan yóò fi ní àwọ̀ kan ṣoṣo) àkọ́kọ́ tí yóò máa fi ìyára tò, tí kò sì fẹ́ kówó ńlá lé e lórí, RS3M 2020 tí MoYu ṣe ní Ṣáínà la máa ní kó rà. Nǹkan bíi dọ́là 10 ni wọ́n ń tà á lókè òkun, ó ní òòfà nínú, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bó ṣe jáde látinú páálí dá a lẹ́jọ́. Aṣọ Ojúde Ọba, bó ti wù kó jojú ní gbèsè tó, télọ̀ ṣì máa ń ní kí ẹni tó ni ín wọ̀ ọ́ wò, kó lè gbà á wọlé níbì kan, kó sì tú u síta níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kúùbù rí. Ẹni méjì lè ra oríṣi kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ti ọ̀kan máa ṣàn bí omi, kí ti ìkejì máa há bí ilẹ̀kùn onípákó nígbà òjò. Títún un ṣe ló fa ìyàtọ̀.

Kúùbù tó wà lórí tábìlì ohun ìṣeré ọmọdé lọ́jà kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò ní òòfà, wọ́n sábà máa ń lẹ ìdérí àárín rẹ̀ pa débi pé ẹ ò lè débi súkúrù, bébà aláwọ̀ ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò bí òógùn ọwọ́ bá ti ń kàn án. Ó tó fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń to kúùbù. Kò tó fún eré sísá. RS3M tí àwọ̀ ti wà nínú ike rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí wọn kò lẹ bébà kankan mọ́, ni kí ẹ mú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, láti Èkó ló ti máa ń bọ̀, abẹ́ ẹrù ló sì máa ń wà kó tó dé Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ṣí páálí níwájú ẹni tó gbé e wá. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Funfun àti yẹ́lò gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn síra wọn, búlúù àti àwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀, pupa àti àwọ̀ ọsàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé funfun sókè, tí àwọ̀ ewé kọjú sí yín, pupa gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá wà lọ́wọ́ òsì, ẹni tó tò ó ti ṣì í tò, ojú yín á sì máa ṣi ọ̀nà nígbàkigbà tí ẹ bá ń sáré.

Òòfà ló kàn. Igun 8 (ike aláwọ̀ mẹ́ta) ni kúùbù ní, etí 12 (aláwọ̀ méjì), àárín 6 (aláwọ̀ kan). Igun kọ̀ọ̀kan fara kan etí 3, èyí sì jẹ́ ibi 24 tí igun àti etí ti pàdé. Níbi kọ̀ọ̀kan, òòfà kan wà nínú igun, ọ̀kan wà nínú etí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ ò ní láti tú u kí ẹ tó mọ̀ bóyá wọ́n pé. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo ti ojú kan jẹ́jẹ́. Bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ààyè rẹ̀, ó yẹ kó fa ara rẹ̀ wọlé kó sì dúró. Ibi mẹ́rin ni ojú kan ń dán wò lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ti yí ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ ti dán gbogbo ibi 24 wò. Ojú tó bá rọ̀ ju àwọn yòókù lọ, ó ṣeé ṣe kí òòfà kan ti jábọ́ níbẹ̀. Ẹ mì ín létí yín, ẹ lè gbọ́ ọ tó ń ró nínú ike. Èyí tó bá ń ti ara rẹ̀ jáde dípò kó wọlé, ẹ̀yìn òòfà kan ni wọ́n fi síwájú. Bí ẹ bá bá ọ̀kankan nínú méjèèjì pàdé, ẹ dá a padà kíá. Kò sí epo tàbí súkúrù tó lè wo ìyẹn sàn.

Ìdánwò kẹta ni ti gígé igun: bóyá ojú kan lè kọjá nígbà tí ojú kejì kò tíì pé. Ẹ yí ojú òkè dé nǹkan bí ìwọ̀n 40 nínú 90, ẹ wá yí ojú ọ̀tún. Bó bá ń lọ sí ọ̀nà tó ń ti ojú òkè padà sáàyè rẹ̀, RS3M yẹ kó kọjá láìjanpata. Ní ọ̀nà òdì, tí àwọn igun ń kọlu ara wọn ní tààrà, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀. Bó bá gé ìdajì ike kékeré kan, ó ti ṣe dáadáa. Ẹ rántí ohun tó ṣe lónìí, nítorí ẹ ó tún dán an wò lẹ́yìn àtúnṣe.

Tuntun, RS3M máa ń gbẹ, ó sì máa ń pariwo. Àwọn kan á gbọ́ ariwo yẹn, wọ́n á ní ayédèrú ni. Rárá o. Ike tí kò tíì jẹra wọn ni. Ẹ dà á rú kí ẹ sì tò ó bí ìgbà 100 kí ẹ tó fọwọ́ kan súkúrù kankan. Ẹni tí kò tíì yá lọ́wọ́ kó kàn máa yí i lásán, ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kì í ṣe ojú ọ̀tún nìkan. Ojú ọ̀tún àti ti òkè ni ọwọ́ wa fẹ́ràn jù, ìdí nìyẹn tí ojú ìsàlẹ̀ àti ti ẹ̀yìn fi máa ń le kanrin lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Lẹ́yìn èyí ni ká wá yọ ìdérí àárín. Èékánná tó, bí ó bá sì le, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ tí kò mú gbé e láti ibi igun rẹ̀. Ọ̀nà méjì la fi ń tún RS3M 2020 ṣe lábẹ́ ibẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí ojú ṣe jìnnà sí òpó àárín tó, ìyẹn ohun tó wà nínú kúùbù tí súkúrù ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ̀. Ìkejì ni bí sípíríǹgì ṣe le tó. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn máa ń dà wọ́n pọ̀. Jíjìnnà ló ń sọ bí kúùbù yóò ṣe gé igun tó, òun náà ló sì ń jẹ́ kí igun yí lójú ara rẹ̀ tàbí kí etí ta jáde bó bá ti pọ̀ jù. Líle sípíríǹgì ló ń sọ bí ìka yín yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó kí ojú kan tó yí. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, kó fi sípíríǹgì sílẹ̀ bó ṣe bá a, jíjìnnà nìkan ni kó fọwọ́ kàn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fún ti ojú kan títí yóò fi fẹ́ dúró. Ẹ má fi agbára kún un, torí ike ló di súkúrù mú, ihò rẹ̀ lè fẹ̀, kó má sì gbá a mú mọ́ láéláé. Ẹ wá tú u padà ní ìdá mẹ́rin yípo kọ̀ọ̀kan, tàbí ààmì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kà á. Ìwọ̀n tí ẹ bá fún ọ̀kan ni kí ẹ fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀rọ̀ nípa kúùbù tó le tàbí tó rọ̀ pọ̀, àmọ́ dídọ́gba ló ṣe pàtàkì jù. Kúùbù tó le, tí ojú rẹ̀ dọ́gba, sàn ju èyí tó rọ̀ lápá kan tó sì há lápá kejì. Láti mọ̀ bóyá ó dọ́gba, ẹ di ojú méjì tó kẹ̀yìn síra wọn mú, ẹ fà wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀, ẹ wo àlàfo tó yọ láàárín ìpele. Òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, iwájú àti ẹ̀yìn: àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọra. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìdánwò gígé igun yẹn ṣe. Bí igun bá ń yí lójú ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sáré, ẹ fún gbogbo rẹ̀ ní ìdá mẹ́rin sí i. Ẹ má ṣe é fún ojú kan ṣoṣo.

Àṣìṣe tó ń ba kúùbù tuntun jẹ́ jù ni pé ó lọ́ra, wọ́n á tú súkúrù. Ó ṣì lọ́ra, wọ́n á tún tú u. Nígbà tí yóò fi yá, etí á máa fò bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan. Bẹ́ẹ̀, gbígbẹ ló gbẹ, epo ló ń wá.

Epo náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Epo silicone ni kúùbù ń lò lójoojúmọ́. Epo ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì, WD-40 àti epo màṣíìnì ìránṣọ, ara epo rọ̀bì ni gbogbo wọn ti jáde. Wọ́n lè jẹ ike, kó di fífọ́ tàbí kó máa lẹ̀. Fásílìnì á kó eruku jọ. Òróró ìdáná á kan, á sì di gọ́ọ̀mù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Epo inú ìgò kékeré tí wọ́n fi omi pò, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú kúùbù, máa ń mú kó yára lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Fún ìdíje ló dáa, kì í ṣe fún ojoojúmọ́.

Láti fi epo sí i, ẹ yí ojú òkè dé ìdajì, ẹ fi àtàǹpàkò ti etí kan sókè láti abẹ́, yóò já jáde. Igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ń fi agbára ṣe é, ẹ kò tíì yí i dé ibi tó yẹ. Kí etí mẹ́ta jáde ti tó, ẹ ò ní láti tú gbogbo rẹ̀. Ẹ kán epo silicone tó ki, ẹ̀kán kan, sí ìdí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá lè dé. Ẹ wá kán èyí tó ṣàn, ẹ̀kán kan, sí ẹ̀gbẹ́ etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dá wọn padà, ẹ yí gbogbo ojú fún ìṣẹ́jú méjì gbáko kí epo lè ràn dé gbogbo ara. Lójú ẹsẹ̀, ó lè lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni epo tó ki ṣe ń ṣe, á yá lẹ́yìn bí ìgbà 20 tí ẹ bá ti tò ó. Bí ó bá ṣì lọ́ra lọ́jọ́ kejì, epo ti pọ̀ jù. Ẹ yọ etí díẹ̀, ẹ fi tíṣù nù wọ́n.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tú pátá, bóyá ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́ ni tàbí ó bọ́ lulẹ̀, ẹ má kàn kó ike padà bó ṣe bọ́ sí yín lọ́wọ́. Nínú ọ̀nà 12 tó lè gbà wọlé, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣeé tò. Ẹ tò ó bí ẹni pé ó ti pé, àwọ̀ sí àwọ̀, láti ìsàlẹ̀ sókè, kó sì jẹ́ etí ni ike tí ẹ ó fi parí. Bí ẹ bá tò ó dé òpin tí igun kan ṣoṣo kọ̀ tó yí sódì, kò sí ìlànà títò kankan tó lè mú un tọ́. Ẹ di igun náà mú, ẹ fi ọwọ́ yí i lójú ara rẹ̀. Ìlànà World Cube Association, ẹgbẹ́ tó ń darí ìdíje kúùbù lágbàáyé, gbà yín láyè láti ṣe é nígbà ìdíje pàápàá, ṣùgbọ́n aago kò ní dúró dè yín. Etí kan ṣoṣo tó yí, tàbí méjì tó gba ipò ara wọn, ìyẹn ni pé ẹ ṣì í kó. Yíyọ ló kù.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá àtúnṣe yín ṣiṣẹ́, ẹ má gbára lé bó ṣe dùn lọ́wọ́. Ẹ fi kúùbù àtijọ́ tò ó lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ fi tuntun tò ó lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ yọ èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù kúrò, ẹ ro mẹ́ta tó kù pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi ìdíje nìyẹn. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni ẹ ní láti fi wò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wo bí ojú ṣe dúró nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ sílẹ̀, torí bí ojú kan bá kù ju ìwọ̀n 45 lọ kó tó pé, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún un. Òòfà RS3M kò lágbára púpọ̀, àmọ́ níbi èyí ló ti ń jẹ owó rẹ̀.

RS3M 2021 MagLev wà pẹ̀lú, èyí tí òòfà tó ń ti ara wọn gba ipò sípíríǹgì. Kò sí ìró sípíríǹgì nínú rẹ̀, ó sì yára ju ti 2020 lọ dáadáa. Fún ẹni tí kò tíì máa tò ó lábẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30, yíyára yẹn á kàn máa gbé ojú kọjá ibi tó yẹ kó dúró ni. Kó ra ti 2020, kó fi owó tó kù ra epo silicone gidi.

Ooru àti eruku ni ọ̀tá rẹ̀ níbí. Ẹ má fi í sílẹ̀ níwájú mọ́tò nínú oòrùn. Nígbà ọ̀yẹ́, ẹ wá àpò aṣọ kékeré kan fún un, kí ẹ sì máa yọ etí mẹ́ta wò lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí àlà dúdú bá ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, ó tó fọ̀. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni fún igun àti etí, ẹ fẹ́ wọn gbẹ lábẹ́ iboji. Òpó àárín, aṣọ gbígbẹ nìkan ni fún un, kí súkúrù àti sípíríǹgì má baà dógùn-ún. Ẹni tó bá sì ń mu gàrí tàbí tó ń jẹ ìkòkoré, kó fọwọ́ kó tó gbé kúùbù. Epo ìkòkoré kì í ṣe silicone.