Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ Yorùbá lórí fóònù: ṣé éjẹ́ǹtì mẹ́fà sàn ju ẹyọ kan lọ?

Bó bá jẹ́ aago tí ọkọ̀ ojú irin ń gbéra nìkan ni àwọn èèyàn yóò máa béèrè, ẹ má da ara yín láàmú, ètò kan ṣoṣo tó. Éjẹ́ǹtì púpọ̀, ìyẹn ètò kéékèèké tí kálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀, wúlò nígbà tí ẹni tó pè láti Kubwa tàbí Nyanya bá lè béèrè ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna, kó tún bọ́ sórí òjò ọ̀la, kó sì fi iye tí àpò ìrẹsì ń lọ kádìí ẹ̀, nínú ìpè kan náà.

Àkópọ̀ sọ́fúwià ọ̀fẹ́ ni mo ń yẹ̀ wò níbí. Asterisk ló ń gbé ìpè. Silero VAD ló ń mọ̀ pé èèyàn ti sọ̀rọ̀ tán, Whisper ló ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, ohùn Yorùbá inú MMS ti Meta ló sì ń dáhùn. Àárín wọn ni éjẹ́ǹtì mẹ́fà wà: olùdarí, ti ìkíni, ti nọ́ńbà àti aago, àti mẹ́ta tó ń wá ìsọfúnni, ìyẹn ti ọkọ̀ ojú irin, ti ojú ọjọ́ àti ti ọjà. Ìlànà náà ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1990 ni ilé ìwádìí SRI ní Amẹ́ríkà ti ṣe Open Agent Architecture, níbi tí éjẹ́ǹtì kan ti ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù. Ètò GALAXY-II ti yunifásítì MIT náà fi olùdarí sáàárín.

Ohun tó mú kí n fọwọ́ sí i ni pé ó rọrùn láti mọ ẹni tó ṣe àṣìṣe. Ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn éjẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìpè, orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí Whisper kọ, ìwọ̀n ìdánilójú, àti àkókò tí èsì gbọ́dọ̀ dé. Bí ẹnì kan bá ní èsì kò tọ̀nà, ẹ ṣí àkọsílẹ̀, ẹ ó rí i bóyá etí ni kò gbọ́ dáadáa ni àbí éjẹ́ǹtì aago ló ka nọ́ńbà sódì. Bí ibi tí iye owó ọjà ti ń wá bá kú, ti ọkọ̀ ojú irin kò ní bá a kú.

Ìkíni ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì pọ̀ sí. Àgbàlagbà yóò kọ́kọ́ ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé dáadáa ni?", yóò sì dúró, ó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn. Bí ẹ bá fi àkókò ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé èèyàn ti sọ̀rọ̀ tán sí 500 ms (ìdajì ìṣẹ́jú àáyá), ẹ̀rọ á gé e níbẹ̀, á sì gbé ìkíni fún éjẹ́ǹtì ọjà, tí yóò máa wá "iṣẹ́" kiri. Nǹkan bíi 900 ms ló bá wa mu. Éjẹ́ǹtì ìkíni gbọ́dọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀ láìwá ohunkóhun. Bí ìkíni àti ìbéèrè bá jọ wá, kó yọ ìkíni kúrò, kó fi ìyókù ránṣẹ́ sí olùdarí. "Ẹ" ni kó máa lò fún gbogbo èèyàn. "O" kan péré, bàbá yóò pa fóònù.

Ohùn orí fóònù lásán kò ju 8,000 àyẹ̀wò (iye ìgbà tí wọ́n wọn ìró) lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Whisper sì ń fẹ́ 16,000. Ẹ lè yí i padà, àmọ́ ohun tó ti sọnù kò lè padà wá: fóònù máa ń gé ìró tó bá ga ju nǹkan bíi 3,400 Hz lọ, òkè ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ agbára s àti f wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dàrú mọ́ra. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp máa ń mọ́ ju ti ìpè lọ.

Yorùbá tí wọ́n ń sọ l'Ábújá kún fún Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Hausa sì pọ̀ nínú ẹ̀. Èdè kan ṣoṣo ni Whisper máa ń mú fún ohùn ìṣẹ́jú àáyá 30, nítorí náà ẹ yan Yorùbá fún un, ẹ má jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ kọ orúkọ ibùdókọ̀ (Idu, Kubwa, Jere, Rijana, Rigasa) sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ (ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ fún un kó tó gbọ́ ohùn), tí kò gbà ju tókìnì (ègé ọ̀rọ̀) 224 lọ, kí éjẹ́ǹtì ọkọ̀ ojú irin sì tún fi ohun tó jáde wé orúkọ wọ̀nyẹn. Ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ ránṣẹ́ sí Whisper o. Ó máa ń hun ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

"Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú" ni 4:40. Ètò tó bá ń mú nọ́ńbà níkọ̀ọ̀kan yóò kà á sí 5:20, èrò á sì pàdánù ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí éjẹ́ǹtì nọ́ńbà gba gbogbo gbólóhùn náà pọ̀, kó sì bi ẹni tó pè bóyá ohun tó sọ nìyẹn kó tó gbé e síwájú.

Àmì orí ọ̀rọ̀ náà ń kọ́? "Owó ọkọ̀" àti "owó ọkọ́" kò yàtọ̀ tí àmì ohùn bá ti bọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan jẹ́ ti éjẹ́ǹtì ọkọ̀ ojú irin, èkejì jẹ́ ti ọjà. Kò sí "ẹ́" gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan náà lè ní ọ̀nà kíkọ méjì tí kọ̀ǹpútà kò ní rí bí ọ̀kan. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan. Àwọn kan tún ń fi ìlà kékeré (U+0329) sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì dọ́ọ̀tì (U+0323), NFC kò sì ní tún ìyẹn ṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lo NFC. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà méjì: fi èyí tí kò ní àmì wá, fi èyí tó ní àmì yan èyí tó tọ́.

Àléébù tó wúwo jù ni ìdádúró. Bí a bá fi 900 ms sílẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́, 600 fún Whisper, 800 fún éjẹ́ǹtì, 300 fún ohùn, ó di 2,600 ms. Ẹni tó pè á ti máa ké "hẹ́lò, hẹ́lò", ẹ̀rọ á sì ka ìyẹn sí ìbéèrè tuntun. Kí olùdarí bi éjẹ́ǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń wá ìsọfúnni lẹ́ẹ̀kan náà, kó kọ èsì ẹni tó bá pẹ́ sílẹ̀, kó sì ní "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wò ó" lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹnì kan bá béèrè "Báwo ni Kaduna lọ́la?", éjẹ́ǹtì méjì yóò ní tàwọn ni. Ìdánilójú 0.8 ti ọ̀kan kì í ṣe ẹgbẹ́ 0.8 ti èkejì. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, ẹ bi ẹni tó pè.

Whisper tó tóbi jù ń jẹ nǹkan bíi 10 GB lórí káàdì àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní small ń jẹ nǹkan bíi 2 GB. Iná ìjọba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ fi ínfátà sábẹ́ sáfà. Ní ti ohùn MMS, ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ nọ́ńbà kí ẹ tó gbé e fún un, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á fò ó. Ìwé àṣẹ rẹ̀, CC BY-NC 4.0, kò gba ká fi ṣòwò, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń pè, kó tètè wá ohùn mìíràn.